Màmá tó ní rheumatoid tó tún ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ má fi sílẹ̀ o

Brọ̀dá mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ ní wọ́n ní rheumatoid, àìsàn tó ń mú oríkèé wú, lọ́wọ́ àti lórúnkún, ikọ́ gbígbẹ ti wá dé sí i, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, àwọn ará ilé l'Ẹ́pẹ́ wá ní làkúrègbé náà ni. Ẹ gbé wọn lọ sọ́síbítù lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n ya fọ́tò àyà wọn, kí wọ́n sì yẹ ikọ́ ife náà wò. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń yan ẹja, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, èéfín ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ní tèmi, télọ̀ ni mí n'Íkòròdú níbí, láàárọ̀ mi ò kí ń lè fún àlùmọ́gàjí pọ̀ àfi tóòrùn bá mú. Àìsàn yìí ò mọ sí oríkèé o, ó lè dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè jẹ́ kójú gbẹ, ti ọkàn ló tiẹ̀ bà mí lẹ́rù jù torí àwọn dókítà máa ń ṣírò ewu ẹ̀ ní ìlọ́po 1.5 ti ẹlòmíì. Ẹ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà wọn wò.

Ẹ tún tú báàgì oògùn wọn. Kẹ́míìsì kan ládùúgbò wa máa ń di àpòpọ̀ fún mi sínú ọ̀rá kékeré, funfun, pupa, kò sórúkọ lára ẹ̀. Ìrora á lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, oúnjẹ wá ń wù mí ṣáá, ojú mi wú rọ̀bọ̀tọ̀, àwọn kọ́sítọ́mà ní "ẹ mà ti sanra, owó ti dé!" Owó wo? Prednisolone ni, oògùn steroid! Ìgbà tí dókítà fi máa rí i, ṣúgà mi ti gòkè, diclofenac, oògùn ìrora tó wà nínú àpòpọ̀ náà, sì ti dá ọgbẹ́ sí mi nínú. Tí prednisolone bá pẹ́ lára, ó tún máa ń jẹ eegun. Àmọ́ tí ẹ bá bá a lọ́wọ́ màmá ẹ má dá a dúró lójijì o, dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ methotrexate, oògùn rheumatoid, ni wọ́n ń lò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, kì í ṣe ojoojúmọ́, òun náà sì lè fa irú ikọ́ yẹn.

LASUTH, ọsibítù ńlá ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó n'Íkẹjà, ní àwọn dókítà rheumatology, ìyẹn dókítà oríkèé. Ẹ kó gbogbo oògùn dání, àgbo náà, àní ọ̀rá tó ti ṣófo pàápàá.

Ṣé ẹsẹ̀ wọn ń wú? Ṣé wọ́n ń rí èémí mí tí wọ́n bá sùn gbalaja? Ẹ fèsì kíá.