Èsì: Ta ló bẹ̀rẹ̀ àdúrà Àánú Ọlọ́run?
Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ta ló bẹ̀rẹ̀ àdúrà Àánú Ọlọ́run tí à ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ròsárì gbà. Sístà Faustina Kowalska ni, ọmọ Pólàǹdì tí kò kàwé púpọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlú Vilnius, oṣù kẹsàn-án 1935, pé Jésù ló kọ́ òun. Láti 1959 di 1978, àwọn aláṣẹ Ìjọ Kátólíìkì ní Róòmù ò gbà kí wọ́n tan ìwé rẹ̀ ká (ó yà mí lẹ́nu gan-an nígbà tí mo gbọ́!). Ní 2000 ni Póòpù John Paul Kejì wá kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́.

Ní tèmi, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. "Ṣàánú fún wa àti fún gbogbo ayé" nìkan ló kù tí mo lè sọ. Mo ṣì ń gbà á láago mẹ́ta ọ̀sán.