"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i": ṣé lóòótọ́?

Ìbéèrè: Yẹtí góòlù tí ìyá mi fún mi ti sọnù. Ó dá mi lójú pé mo rí i nínú dúrọ́ọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé nìkan ló sì ń wọ yàrá yẹn. Ọkọ mi ní ó ti tó oṣù mẹ́ta tí òun ti rí i létí mi kẹ́yìn. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Pé ẹ rí i, mo gbà. Ìgbà tí ẹ rí i gan-an ni n kò tíì gbà.

Ọpọlọ kì í kọ déètì sára ohun tí ojú rí. Bí wọ́n bá bi wá pé "ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?", bó ṣe hàn kedere tó lọ́kàn wa la sábà máa ń wò. Èyí tó bá ṣì mọ́lẹ̀, a ó ní kò tíì pẹ́. Èyí tó bá ti ṣú, a ó ní ó ti pẹ́. Yẹtí ìyá ẹni ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣú bọ̀rọ̀. Ẹ sì ti ń wá a kiri láti ọjọ́ yìí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa dúrọ́ọ̀ yẹn ni ẹ tún ń rí i lọ́kàn, tó ń di tuntun.

Willem Wagenaar, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Netherlands, fi ọdún 6 kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀, ó wá dán ara rẹ̀ wò. Nínú èsì tó tẹ̀ jáde ní 1986, déètì nìkan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rán an létí ohunkóhun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló ràn án lọ́wọ́ jù.

Nítorí náà, ẹ wá ohun tó so mọ́ ọn. Kí lẹ ń wá nínú dúrọ́ọ̀ lọ́jọ́ náà? Iná wà ni, àbí tọ́ọ̀ṣì lẹ tàn? Èmi náà ti búra fún ìyàwó mi rí pé ìjẹta ni mo rí ìwé ọkọ̀ wa. Ìgbà tí mo rántí pé gèlè tó fi lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi ló wà lórí ìwé náà, ó ti lé ní oṣù márùn-ún! Mo dákẹ́ wẹ́lo.

Ti ọkọ yín, létí yín ló rí i, nínú dúrọ́ọ̀ lẹ̀yin rí i. Ọ̀rọ̀ yín méjèèjì kò takora. Ẹ wo àwòrán òde tó wà nínú fóònù yín, déètì wà lára wọn. Òde tí yẹtí náà ti hàn létí yín kẹ́yìn, báàgì tí ẹ gbé lọ síbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó pe ọmọ ọlọ́mọ lólè.