Ṣé ìṣirò lè mọ ohun tó ń lọ nínú ọpọlọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọmọ mi obìnrin tó ń ka ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì ní iṣẹ́ ìwádìí lórí ọpọlọ lòun máa ṣe. Mo ní ṣé ó fẹ́ di dókítà ni, ó ní rárá, ìṣirò náà lòun máa fi ṣe é. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má dá a dúró o. Òótọ́ ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Alan Hodgkin àti Andrew Huxley, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹran inú òkun tí wọ́n ń pè ní squid ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, torí fọ́nrán iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ kan nípọn tó bíi ìdajì mìlímítà, wáyà tín-ín-rín ṣeé kì bọ inú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ bí iná mànàmáná, èyí tí ọpọlọ àti iṣan fi ń ránṣẹ́, ṣe ń sáré gba inú iṣan kọjá. Sódíọ̀mù, èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ yín gan-an, á kọ́kọ́ ya wọlé, pọtásíọ̀mù, èròjà mìíràn bíi tirẹ̀, á wá máa jáde. Wọ́n wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń yá tó, wọ́n sọ ọ́ di fọ́múlà mẹ́rin tó so kọ́ra. Kọ̀ǹpútà yunifásítì Cambridge ò ṣeé lò lásìkò náà, ni Huxley bá jókòó ti ẹ̀rọ ìṣirò aláfọwọ́yí, ó ń yí i ṣáá. Ìṣirò ní iná náà á máa sáré mítà 18.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú iṣan fúnra rẹ̀, 21.2 ni wọ́n bá. Kò bára mu tán, àmọ́ kò sẹ́ni tó fi eré yẹn sínú fọ́múlà. Òun ló mú un jáde.

Èyí tó wù mí jù ni ti pọtásíọ̀mù. Kí fọ́múlà tó bá a mu, wọ́n ní láti ṣe bí ẹni pé ilẹ̀kùn kan wà lára iṣan náà tí pọtásíọ̀mù ń gbà, tí kì í ṣí àfi tí nǹkan mẹ́rin bá bọ́ sí àyè wọn. Ọdún 1952 nìyẹn, kò tíì sẹ́ni tó fojú rí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Àwọn fúnra wọn kìlọ̀ pé bí fọ́múlà ṣe bára mu kì í ṣe ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ní 1998, Roderick MacKinnon àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ya àwòrán ilẹ̀kùn pọtásíọ̀mù ti bakitéríà kan: ẹ̀yà mẹ́rin tó jọra ló yí ihò náà ká.

Lónìí, wọ́n ń so ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú fọ́múlà yìí pọ̀ láti wo bí warapa ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ti ìrònú àti ìrántí ṣì jìnnà o. Ẹni tó bá ní ìṣirò ti yanjú ìyẹn ń tàn yín ni.

Kí ọmọ yín kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kó sì máa yọjú sí kíláàsì àwọn tó ń ka bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Fọ́múlà mẹ́rin tí Huxley fọwọ́ yí yẹn, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ á ṣe é kí ẹ tó pajú dé. Òun ni kó kọ́kọ́ gbìyànjú.