Nígbà tí bàrómítà kọ̀ láti gòkè ní agogo mẹ́wàá alẹ́: ìdáhùn fún ọmọ Ọ̀yẹ́ tí ó fẹ́ wọkọ̀ ní Dakar

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ọmọ Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni ọ́, àti pé ọkọ̀ tí wọ́n fi ọ́ sí yóò ṣí kúrò ní Dakar ní oṣù Kẹsàn-án lọ sí àwọn erékùṣù Caribbean. O fẹ́ mọ bí ìjì ńlá orí òkun ṣe ń dìde, bóyá òun náà ni ìjì tí ń ká páànù nílé wa, àti bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ láti ojú ọ̀run àti láti ara bàrómítà, ẹ̀rọ tí ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó lórí wa, pé ó ń bọ̀ nígbà tí ó ṣì ku nǹkan bí ọjọ́ kan. Ìkéré ni mo fẹ̀yìn tì sí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí òkun, mo sì ti wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ìjì wọ̀nyí, ní ojú ọ̀nà tí o fẹ́ gbà yìí gan-an, nínú oṣù kan náà.

Ti ilé ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Ìjì tí ó máa ń ti ìlà-oòrùn yọ sí wa láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, tí ojú ọ̀run yóò dúdú bí aró lẹ́yìn òkè Olósùnta, tí ẹ̀fúùfù tútù yóò kọ́kọ́ gbá eruku wọ yàrá kí òjò tó dé, kì í ṣe họ́ríkéènì, ìjì ńlá orí òkun tí o ń béèrè. Àwọsánmà gíga tí ó tò bí ògiri ni, tí ó ń sáré lọ sí ìwọ̀-oòrùn, afẹ́fẹ́ tútù tí ó já bọ́ láti inú rẹ̀ ni ó ń ká páànù, kò sì pẹ́ tí yóò fi kọjá. Họ́ríkéènì a máa yí po bí ààjà, ṣùgbọ́n ààjà tí ó lè fẹ̀ ju gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lọ, tí ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí omi. Omi òkun gbígbóná ni oúnjẹ rẹ̀, nítorí náà kò lè dìde lórí ilẹ̀. Òkun tí ó wà níwájú Èkó àti Ìlàjẹ náà sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé jù, yíyí tí ayé ń yí kò sì lágbára níbẹ̀ tó láti mú ẹ̀fúùfù rọ́ yípo. Láti ibi tí ó fi nǹkan bíi dígírì 5 jìnnà sí ìlà náà lọ ni irú ìjì yìí ti ń rí ààyè. Síbẹ̀, má ṣe fojú di ìjì ilé: bí o bá wà nínú ọkọ̀ kékeré lórí ọ̀sà, tí ìlà-oòrùn dúdú, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́ lójijì, etí omi ni kí o wá, má ṣe dúró gba owó èrò kankan.

Àwọn méjèèjì tan mọ́ra, lóòótọ́. Ní àkókò òjò, ẹ̀fúùfù kan máa ń ṣàn láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn lórí Sùdánì, Chad, Niger àti àríwá ilẹ̀ wa, ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sókè, nítorí pé Sàhárà gbóná janjan nígbà tí apá ìhín tutù. Ẹ̀fúùfù yìí a máa jà bí okùn tí a gbọ̀n, ìgbì afẹ́fẹ́ a sì máa yọ lára rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin síra, ó tó 60 lọ́dún. Wọn yóò gba Mali àti Senegal kọjá, wọn yóò sì bọ́ sí òkun ní ìhà erékùṣù Cape Verde. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń kú dànù, ṣùgbọ́n nǹkan bí 85 nínú 100 àwọn họ́ríkéènì tí ó le jù lọ ní Òkun Àtìláńtíìkì ni ó ti inú ìgbì wọ̀nyí wá.

Kí ìgbì afẹ́fẹ́ yìí tó di ìjì, omi òkun gbọ́dọ̀ gbóná tó dígírì Celsius 26.5, kì í ṣe lójú nìkan, bí kò ṣe dé nǹkan bí mítà 50 nísàlẹ̀. Kò tilẹ̀ gbóná tó omi gbígbóná tí ń ṣun ní Ìkọ̀gòsì, ṣùgbọ́n ronú nípa bí ó ṣe fẹ̀ tó. Omi yìí ń di oru omi, oru náà ń gòkè, nígbà tí ó bá sì padà di omi nínú àwọsánmà, yóò tú ooru tí ó gbé lọ́wọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ mọ ooru náà: òun ni ó ń jó ènìyàn lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ṣí ìdérí ìkòkò iṣu tí ń hó. Ooru yìí mú kí afẹ́fẹ́ túbọ̀ gòkè, ibi tí ó ti kúrò di fífúyẹ́, ti àyíká sì ń rọ́ wọlé láti dípò rẹ̀, ó sì ń yí bí ó ṣe ń wọlé. Bí ẹ̀fúùfù òkè bá yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí èéfín ààrò tí afẹ́fẹ́ gbá, ìjì náà kò ní lè dúró. Bí kò bá sí ìdíwọ́ yìí, ẹ̀fúùfù rẹ̀ yóò dé 34 nọ́ọ̀tì (nọ́ọ̀tì kan ni máìlì òkun kan ní wákàtí kan), wọn yóò sì sọ ọ́ lórúkọ. Bí ó bá dé 64, ó ti di họ́ríkéènì. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ni àkókò wọn, ó sì máa ń le jù ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án. Ìyẹn gan-an ni ìgbà tí wọ́n fẹ́ mú ọ gba ibẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ kẹta tí a kúrò ní Dakar, a ti fi Cape Verde sẹ́yìn, ìwọ̀-oòrùn ni a kọjú sí. Èmi ni mo ń ṣọ́nà láti agogo mẹ́jọ sí méjìlá, lọ́sàn-án àti lóru. Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, bàrómítà wà ní 1012 mílíbà, òṣùwọ̀n tí a fi ń ka wíwúwo afẹ́fẹ́. Ẹ̀fúùfù àríwá-ìlà-oòrùn tí ó máa ń wà níbẹ̀ ń fẹ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ìgbì òkun mìíràn ń ti ìdí ọkọ̀ bọ̀, láti ìlà-oòrùn gan-an, ó gùn, ó dán, ó sì jìnnà síra, débi pé ọkọ̀ yóò gòkè díẹ̀díẹ̀, yóò dúró, yóò sì tún rọra sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹ̀fúùfù kankan lọ́dọ̀ wa tí ó lè dá irú ìgbì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àwọsánmà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òwú tí a fà ya nà wá láti ojú ibi kan náà. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ojú ọ̀run pọ́n bí osùn.

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bàrómítà ti wá sí 1008. Ọ̀gá ọkọ̀ ní ìlọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ni, mo sì gbà á gbọ́, nítorí pé lóòótọ́ ni bàrómítà máa ń gòkè ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́ ní agbègbè wọ̀nyẹn, tí ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti mẹ́rin ìdájí, ní bíi mílíbà mẹ́ta. Àmọ́ ní agogo mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí ó yẹ kí ó ti padà sí 1012, 1006 ni mo bá a. Mo fi ìka kan gíláàsì rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà tún sọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ̀fúùfù ti kúrò ní àríwá-ìlà-oòrùn, ó ti di ti àríwá, ó sì dúró sójú kan níbẹ̀.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá ọkọ̀. Ó fa ìwé àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ yọ, ó ní, “Ọ̀sán òní ni èyí wọlé, wọ́n ní yóò gba àríwá wa kọjá.” Lóòótọ́, ọ̀sán ni ó wọlé, ṣùgbọ́n lórí ìwé náà ni a kọ ọ́ sí pé agogo mẹ́ta ìdájí, ní aago Greenwich tí a fi ń ṣe ìròyìn ojú ọjọ́ lórí òkun, ni wọ́n ti ṣe é, ó ti lé ní ogún wákàtí. Ìjì náà kò dúró dè wá láàárín ogún wákàtí yẹn. A pe ọ́fíìsì tí ó ni ọkọ̀, ẹni tí ó wà nídìí iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà sì dáhùn pé kí a má ṣe yà, pé epo wọ́n àti pé àwọn tí ó ni ẹrù ń retí wa. Inú yàrá tí kò mì ni ó jókòó sí. Ọ̀gá ọkọ̀ sì gbọ́ tirẹ̀. Títí di òní, inú mi kì í dùn tí mo bá rántí ohùn ọkùnrin náà.

Kí o mọ bí ó ti rí: láti agogo méjìlá òru, ẹ̀fúùfù kò ké mọ́, ó ń hùn, ohùn kan ṣoṣo tí kò dáwọ́ dúró, a ò sì gbọ́ ara wa mọ́ àfi kí a fẹnu kan etí. Ní agogo méjì, ọ̀gá ọkọ̀ gbà láti yà sí gúúsù, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Mímì ọkọ̀ ti ru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ táǹkì epo sókè, ó dí asẹ́, ẹ́ńjìnì sì kú. Ogójì ìṣẹ́jú ni a fi wà ní ìbú sí ìgbì, tí ọkọ̀ ń dà sọ́tùn-ún débi pé ògiri ni mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ dípò ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan já lu irin, egungun ìhà rẹ̀ mẹ́ta sì ṣẹ́. Mo dì í mú, mo ń gbọ́ bí àwọn ará ìsàlẹ̀ ṣe ń fi igi lu asẹ́ tí wọ́n ń tú. Ní agogo márùn-ún, bàrómítà dé 991. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn, tí abẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìjì náà kò tilẹ̀ tíì di họ́ríkéènì lọ́jọ́ náà.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè fara mọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ mi. Wọ́n mú mi há oríṣi àwọsánmà mẹ́wàá sórí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún mi pé kí n máa kọ bàrómítà sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí n sì fi wé ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ ní wákàtí náà. Bí ó bá fi mílíbà 3 dín sí iye tí ó yẹ lẹ́yìn tí o ti yọ ìlọsílẹ̀ ojoojúmọ́ kúrò, fura; bí ó bá fi 5 dín, ìjì wà nítòsí, kí ọ̀gá rẹ sì gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìgbì òkun gígùn ni ó máa ń kọ́kọ́ dé, ó máa ń ṣíwájú àwọsánmà, ibi tí ó ti ń wá sì ni ìjì náà wà nígbà tí ó gbéra. Ní ti ìwé àsọtẹ́lẹ̀, wákàtí tí wọ́n ṣe é ni kí o kà, kì í ṣe wákàtí tí ó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣọ́ ìjì ní Miami máa ń gbé tuntun jáde ní agogo 3, 9, 15 àti 21 ti Greenwich. Ọkọ̀ El Faro tí ó rì nítòsí Bahamas ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2015 nínú họ́ríkéènì Joaquin, tí àwọn 33 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú, àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà rí i pé ìròyìn ojú ọjọ́ tí ó ti pẹ́ wà lára ohun tí ọ̀gá rẹ̀ gbára lé.

Láti mọ ibi tí ojú ìjì, ìyẹn àárín gbùngbùn rẹ̀, wà, kọjú sí ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́ wá: ní ìhà àríwá ayé, ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ, sẹ́yìn díẹ̀. Ní gúúsù ayé, ọwọ́ òsì ni. Ní ìhà àríwá ayé, apá ọ̀tún ìjì, bí o bá kọjú sí ibi tí ó ń lọ, ni ó burú jù, nítorí pé ìrìn rẹ̀ kún agbára ẹ̀fúùfù níbẹ̀. Ní ọ̀nà tìrẹ, níwọ̀n bí ìwọ̀-oòrùn ni ó máa ń lọ, apá àríwá nìyẹn. Bí ẹ̀fúùfù bá ń yí láti àríwá-ìlà-oòrùn sí ìlà-oòrùn, apá burúkú ni o wà: jẹ́ kí ó máa fẹ́ sí ọ̀tún imú ọkọ̀, kí ẹ sì máa tì í lọ. Bí ó bá ń yí láti àríwá sí ìwọ̀-oòrùn, jẹ́ kí ó wà ní ọ̀tún ìdí ọkọ̀. Bí kò bá yí rárá tí bàrómítà sì ń sọ̀, bí ti tiwa ní alẹ́ ọjọ́ náà, ojú ọ̀nà rẹ̀ gan-an ni ẹ wà, gúúsù ni kí ẹ sá sí, nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ kí wọ́n fi 100 máìlì òkun kún àyíká tí ẹ̀fúùfù 34 nọ́ọ̀tì dé fún àsọtẹ́lẹ̀ wákàtí 24, 200 fún 48, àti 300 fún 72, kí ẹ má sì wọ inú rẹ̀.

Dídi ẹrù àti títi ilẹ̀kùn, wọn yóò kọ́ ọ. Ohun tí wọn kì í kọ́ni ni táǹkì epo: bi wọ́n léèrè ní Dakar ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn, kí o sì rí asẹ́ tí wọn yóò fi rọ́pò pẹ̀lú ojú ara rẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ lójijì láàárín ìjì, tí ìràwọ̀ sì yọ, má ṣe jáde síta tún ohunkóhun ṣe, inú ojú ìjì ni ẹ wà, apá kejì yóò sì ti òdìkejì dé. Ra ìwé kékeré kan tí ìwọ nìkan yóò máa kọ bàrómítà sí, kí o bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá ṣí, kí ọjọ́ dáradára méjì ti wà níbẹ̀ tí o lè fi wé èyí tí kò dára.