Ọ̀gá sójà tó kú sí Èkó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ wọṣẹ́ sójà. Ó ní àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, orí ẹṣin ni wọ́n máa ń wà, ogun lónìí, oyè tuntun lọ́la. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Bàbá Ìbejì, ìtòsí Àkábà Ìdẹ̀nà, Kétu.

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú àmójútó ọmọ. Ẹṣin wà lóòótọ́. Oyè ọ̀la yẹn ni kò sí.

Ẹ jẹ́ ká wo Charles Young, ọ̀gá sójà aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n bí i sí, sínú oko ẹrú, lọ́dún 1864. Gabriel bàbá rẹ̀ sá mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì wọṣẹ́ sójà kí ogun abẹ́lé wọn tó parí. Ọmọ yìí wọ West Point, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ̀gá ológun, lọ́dún 1884. Ìṣirò dá a dúró, ó tún ọdún àkọ́kọ́ kà. Òun ni aláwọ̀ dúdú kẹta tó gboyè jáde níbẹ̀, lọ́dún 1889. Ó di 1936 kí ìkẹrin tó jáde!

Ọ̀dọ̀ àwọn sójà dúdú ẹlẹ́ṣin ni wọ́n rán an lọ, ní Nebraska, lẹ́yìn náà ní Utah. Ìtọ́jú ẹṣin, ìdánrawò, ìwé kíkọ. Ọdún méje ló fi wà ní ipò tó kéré jù láàrin àwọn ọ̀gá. Ó di 1901 kó tó di kápítéènì. Ṣáájú 1898, àwọn sójà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju bí 25,000 lọ, àfi kí ẹni iwájú gòkè, kó fẹ̀yìn tì tàbí kó kú, kí àyè tó ṣí fún ẹni ẹ̀yìn.

Mo mọ ìdúró yẹn. Sójà ni bàbá mi. Wọ́n gbé e kúrò ní Àjàṣẹ́ níbí lọ sí Pàràkú, lẹ́yìn náà Kándì, màmá mi á sì máa fi aṣọ wé ìkòkò kó má baà fọ́ lọ́nà. Bí ìwé orúkọ àwọn tó gba oyè bá dé, bàbá á fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á ká a, á lọ máa nu bàtà. Kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di alẹ́.

Lọ́dún 1917, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Young ń ru, wọ́n fún un ní oyè kọ́nẹ̀lì, wọ́n sì fẹ̀yìn rẹ̀ tì. Lọ́dún kejì, ó gun ẹṣin láti Ohio dé Washington, bíi 800 kìlómítà, kí wọ́n lè rí i pé ara òun le. Ogun Àgbáyé Kìíní ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí kí wọ́n tó pè é padà. Ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba wọn ní Làìbéríà nígbà tó rìnrìn àjò, tó ṣàìsàn, tó sì kú sí Èkó, Èkó tí a ń lọ ná ọjà yìí, ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní, 1922. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí, kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ lọ sí Arlington, itẹ́ òkú àwọn sójà Amẹ́ríkà, lọ́dún 1923.

Ẹ ka èyí fún ọmọ náà. Bó bá ṣì ní òun á lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Kó ṣáà máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá gbé e sí, torí mo mọ bí ilé ṣe ń rí.