Kò sí iye agolo wàrà tó lè fọ òjé kúrò lára: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ máa ṣe ìdẹ ẹja nílé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìlàlóye. Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni mo ń gbé, mo sì máa ń lọ ju ìwọ̀ ní dáàmù Ìkún ní ọjọ́ Sátidé. Mo fẹ́ máa fọwọ́ ara mi ṣe ìdẹ àtọwọ́dá nílé, torí èyí tí wọ́n ń tà ti wọ́n jù. Mo ti gba bátìrì mọ́tò mẹ́ta tó ti kú lọ́wọ́ ríwáyà kan. Mo fẹ́ yọ́ òjé inú wọn lórí sítóòfù ìyàwó mi, kí n fi rọ ẹja kéékèèké tí màá fi máa mú àrọ̀ àti ẹ̀pìyà. Wọ́n ní tí èèyàn bá ti bo imú, tó sì mu wàrà agolo kan lẹ́yìn iṣẹ́, kò séwu. Irú ìkòkò wo ni kí n fi yọ́ ọ, agolo wàrà mélòó ló sì yẹ kí n mu?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ibi tí o parí sí ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí iye agolo wàrà tó tó. Má yọ́ òjé kankan nínú ilé rẹ. Lónìí, kó bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ fún àwọn tó ń ra bátìrì òkú, ní odidi, láì fọ́ ọ. Bí o bá ti fọ́ ọ̀kan nínú wọn, má tíì fọwọ́ kan ìgbálẹ̀, ka ọ̀rọ̀ mi dé ìsàlẹ̀ ná.

Ìwọ ni ẹni kẹrin tó máa bi mí ní ìbéèrè yìí láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, gbogbo yín lẹ sì ń dárúkọ wàrà. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àwọn wẹ́dà wa ń mu wàrà, àwọn apènta ń mu ún, àwọn tó ń ṣaájì bátìrì ń mu ún. Ọ̀gá ń sọ fún ọmọṣẹ́, ọmọṣẹ́ di ọ̀gá, òun náà ń sọ fún tirẹ̀. Bí ọ̀fun bá sì ti gbẹ látàárọ̀, wàrà tútù á tu èèyàn lára, onítọ̀hún á ní oògùn ti ṣiṣẹ́. Àmọ́ ọ̀fun nìkan ni wàrà tù, òjé kò sì dúró sí ọ̀fun.

Bó ṣe ń wọlé rèé. Òjé máa ń yọ́ bí ooru bá dé 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iná sítóòfù àti iná èédú lè kọjá ibẹ̀ láìpẹ́, o ò sì ní ohun tí wàá fi wọn ooru náà. Bí ooru bá ti ń ga sí i ni èéfín òjé ń pọ̀ sí i, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ojú kò sì ní rí. Imú á fà á, ẹ̀dọ̀fóró á gbà á, ó di inú ẹ̀jẹ̀. Wàrà ní tirẹ̀, inú ikùn ló ń lọ. Ibo ni àwọn méjèèjì yóò ti pàdé?

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ tí mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ: ẹni tó ń jẹ oúnjẹ aṣaralóore, tí kálísíọ̀mù àti irin wà nínú oúnjẹ rẹ̀ dáadáa, ikùn rẹ̀ kì í fa òjé tó bá gbé mì mu tó ti ẹni tí ebi ń pa. Ìyẹn kò sọ wàrà di ẹ̀rọ̀. Èyí tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ ti kọjá agbára rẹ̀. Epo pupa náà kò ràn án.

Láti inú ẹ̀jẹ̀, òjé á wọ inú egungun, torí ara wa a máa ṣì í mú bíi kálísíọ̀mù. Ó lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa padà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé òjé ti bọ́ sọ́wọ́ olóòṣà, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Ẹ̀gbà ọwọ́ ni wọ́n ń sọ o. Èyí tó wà nínú egungun le ju ìyẹn lọ.

Ìwọ tí o jẹ́ àgbà, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ ga, kó ba kíndìnrín rẹ jẹ́. Ọmọ tó bá ń rá káàkiri ilé ìdáná ìyàwó rẹ ni mo ń rò jù. Ọpọlọ ọmọdé ṣì ń dàgbà, òjé a sì máa dí i lọ́wọ́: ọmọ á máa kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ pẹ́, ìwé kò ní í wọ orí rẹ̀, gìrì lè máa mú un bó bá pọ̀. Bí obìnrin bá lóyún, òjé inú ara rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu.

Bí o bá rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni, rántí Zamfara ní 2010. Wúrà ni àwọn èèyàn ibẹ̀ ń wá. Wọ́n ń lọ òkúta tó ní wúrà nínú, wọ́n ń fọ̀ ọ́ nínú agbo ilé, láì mọ̀ pé òjé pọ̀ nínú òkúta ọ̀hún. Ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Àwọn òbí wọn kò yọ́ òjé rárá o. Eruku òkúta ni, lára aṣọ, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣeré.

Ìdí nìyí tí eruku fi ń já mi láyà ju èéfín lọ. Bí o bá yọ́ òjé, ìdàrọ́ á léfòó sókè, wàá fi ṣíbí há a dà nù. Ìdàrọ́ yẹn á gbẹ, á di lẹ́búlẹ́bú, atẹ́gùn á gbé e. Ti inú bátìrì burú jù ú lọ, torí púpọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ ni kì í ṣe òjé gidi tó lè yọ́, bí kò ṣe àpòpọ̀ òjé tó rí bí amọ̀, tí ásíìdì ti rin gbingbin. Tí ó bá gbẹ, ìyẹ̀fun ni. Aṣọ tí o fẹ́ fi bo imú kò lè dá a dúró. Ìkòkò tí a bá sì ti yọ́ òjé nínú rẹ̀ kò tún gbọdọ̀ se ọbẹ̀ mọ́ láéláé, bó ti wù kí o fọ̀ ọ́ tó.

Omi tún wà níbẹ̀. Bí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo bá wà nínú ohun tí o da òjé yíyọ́ sí, omi náà á di ooru lójú ẹsẹ̀, á sì fọ́n òjé gbígbóná sókè. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi amọ̀ tí kò tíì gbẹ tán ṣe ohun tí yóò fi rọ òjé. Ojú rẹ̀ kan ló kù.

Wàyí o, bí o bá ti fọ́ bátìrì: má gbá a gbígbẹ. Kó àwọn ọmọ àti ẹnikẹ́ni tó bá lóyún kúrò níbẹ̀. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, fi àkísà tútù nu ilẹ̀ léraléra, di àkísà náà sínú ọ̀rá méjì, má sun ún. Fọ aṣọ tí o wọ̀ lọ́tọ̀, má pa á pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ. Bí ásíìdì bá ta sí ọ lára tàbí lójú, omi púpọ̀, fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí o sì máa lọ sílé ìwòsàn. Èmi kì í ṣe dókítà, ẹja ni mo kọ́, nítorí náà mi ò ní dárúkọ oògùn fún ọ. Sọ fún dókítà pé o fẹ́ kí wọ́n yẹ ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, ní pàtàkì bí inú rírun, orí fífọ́ tàbí àárẹ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Oògùn tó ń yọ òjé wà, àmọ́ dókítà ló ń fún ni, ó sì ní ewu tirẹ̀. Má ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri "fífọ ẹ̀jẹ̀" nínú bọ́ọ̀sì.

Ó yá, ẹja. Ibẹ̀ náà, mo ní láti tún ọ̀rọ̀ rẹ ṣe.

Àrọ̀ kì í fi ojú wá oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀. Irun ẹnu rẹ̀ mẹ́jọ ló fi ń tọ́ nǹkan wò, òórùn ló sì ń tọ̀ lọ. Ekòló àti ìfun adìyẹ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó lè ṣèèṣì gbé ìdẹ àtọwọ́dá, àmọ́ má tìtorí ìyẹn jókòó sẹ́bàá omi. Ẹ̀pìyà ní tirẹ̀, ewé omi àti nǹkan wẹ́wẹ́ ló ń jẹ jù. Ekòló kékeré lórí ìwọ̀ tín-ínrín tó o. Ẹja tó ń lé ẹja jẹ ni ìdẹ àtọwọ́dá wà fún. Nínú omi wa níhìn-ín, wá ẹja gígùn tí orí rẹ̀ dà bí orí ejò, tó máa ń yọjú mí èémí lórí omi nítòsí koríko. Wá èyí tó jọ ẹ̀pìyà àmọ́ tó ní àmì dúdú márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹnu rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Àwọn wọ̀nyí ń fi ojú ríran, wọ́n sì ń gbọ́ ìmìtìtì omi lára. Bí ìdẹ ṣe ń rìn ló ń bí wọn nínú, kò kàn wọ́n bóyá òjé ni tàbí igi.

Ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Lauri Rapala, apẹja ni, ló ṣàkíyèsí pé ẹja tó ń rìn gẹ́rẹgẹ̀rẹ bí aláìsàn ni àwọn ẹja ńlá máa ń kọ́kọ́ gbé. Ní 1936, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ kọ́ọ̀kì, ó fi bébà dídán ara ṣokoléètì wé e, ó sì yọ́ fíìmù fọ́tò kùn ún kí omi má baà wọ̀ ọ́. Kò sí òjé tí ó rọ.

Ṣíbí ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ra ṣíbí onírin tí kì í dípata lọ́jà, gé ọwọ́ rẹ̀ dà nù, fi fáìlì ra etí rẹ̀ kó má bàa já okùn. Dá ihò kan sí orí, ọ̀kan sí ìdí, kí ihò má ṣe sún mọ́ etí jù. Irin yìí le, nítorí náà fi ìṣó lu ojú ibi tí o fẹ́ dá ihò sí kí ẹnu dírìlì má bàa yọ̀, kán epo sí i, kí dírìlì máa yí jẹ́ẹ́jẹ́. Fáìsì ni kó di ṣíbí mú, kì í ṣe ọwọ́ rẹ, kí o sì wọ awò ojú. Fi òrùka kékeré tó ń ṣí bí òrùka kọ́kọ́rọ́ so ìwọ̀ mọ́ ìdí, so òmíràn mọ́ orí fún okùn. Kọ́rọ́ inú ṣíbí ló ń mú un mì lọ́tùn-ún lósì nínú omi. Ó ti tán. Ṣe mẹ́ta kí o tó ronú àtiṣe nǹkan míì.

Lẹ́yìn ìyẹn, igi. Iṣẹ́ igi gbígbẹ́ kò ṣàjèjì sí Èkìtì, ilẹ̀ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ tó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ìkéré. Lọ sí sọ́míìlì, tọrọ àjákù arère. Ó fúyẹ́, ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Bo imú nígbà tí o bá ń fi sáńpépà ra á, torí eruku arère máa ń fa ikọ́ fée fún àwọn kan. Gbẹ́ ẹ bí ẹja kékeré, bí 7 sẹ̀ǹtímítà. Fi ayùn la ikùn rẹ̀, kí wáyà tí kì í dípata gba inú rẹ̀ láti ẹnu dé ìdí, kí o ká ojú méjèèjì sí òrùka. Bí wáyà kò bá la igi já, ẹja ńlá á fa ìwọ̀ yọ, á sì gbé e lọ.

Ìwọ̀n tí o ń wá òjé sí nìyí o. Ri nọ́ọ̀tì irin kékeré tàbí bọ́ọ̀lù inú bíárìn kẹ̀kẹ́ mọ́ ikùn igi náà, nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí bí ìwọ̀n bá wà lókè, ìdẹ á máa dojú dé. Òjé wúwo tó omi ní ìlọ́po mọ́kànlá, irin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà irin rẹ á tóbi díẹ̀ ju òjé lọ, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1987 ni wọ́n ti fòfin de púpọ̀ nínú òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ okùn, torí àwọn ẹyẹ odò ń gbé e mì, wọ́n sì ń kú. Àwọn apẹja wọn kò torí ìyẹn ṣíwọ́. Àwa níhìn-ín, inú dáàmù tí a ń ju ìwọ̀ sí ni omi ẹ̀rọ ti ń wá.

Fi gọ́ọ̀mù Araldite dí ikùn náà. Gé ahọ́n kékeré láti ara CD àtijọ́, kí o fi í sí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ahọ́n bá tẹ́ síwájú, ìdẹ á rì jìn. Bó bá dúró ṣánṣán, á wà lókè. Kùtẹ́ẹ̀sì ìyàwó rẹ tó fún ọ̀dà, nígbà mẹ́ta, kó máa gbẹ láàárín. Má lo àjẹkù ọ̀dà àtijọ́ tó wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí bàbá rẹ, òjé lè wà nínú òun náà.

Fà á nínú omi tó mọ́ kí o tó lọ sí Ìkún. Bó bá ń yà sósì, tẹ òrùka iwájú sọ́tùn-ún díẹ̀, bí ìwọ̀n irun. Bó bá ń yí po pátápátá, ìwọ̀n ikùn kò tó tàbí ahọ́n wọ́. Ìdẹ tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo tún un tẹ̀ tó ìgbà mẹ́jọ kó tó rìn.

Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ni ohun tó kù. Fi ọ̀pá bíro tí o gé bò ó nígbà gbogbo tí kò bá sí nínú omi, má sì gbé e sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Bó bá gún ọ wọlé kọjá ẹnu rẹ̀, má fà á yọ fúnra rẹ, gé okùn, lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n sì fún ọ ní abẹ́rẹ́ àìperí. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù pẹ̀lú, kí o mọ apá ibi tí wọ́n gbà kí èèyàn ti ju ìwọ̀. Bí ṣíbí rẹ bá ti mú ẹja àkọ́kọ́, kọ̀wé sí mi, kí o sọ irú èyí tó jẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n bátìrì yẹn, lónìí ni o.