“Jubril ló kú, kì í ṣe Buhari”: ṣé ká gbé bàbá wa lọ sí Aro ni?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Adìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Bàbá wa ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Láti ọdún 2017 ni wọ́n ti gbà pé Buhari kú sí London, pé ará Sudan kan tó ń jẹ́ Jubril ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí Buhari wá kú ní oṣù Keje ọdún 2025, tí wọ́n sin ín sí Daura, mo ní ọ̀rọ̀ bùṣe. Bàbá ní Jubril ló kú! Mo fi fídíò hàn wọ́n, mo ka ìwé ìròyìn sí wọn létí, ìjà ló ń dà. Àbúrò mi ní ká gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aro. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi Aro sílẹ̀ ná. (Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò bá ti bá wa lára mu ní Abẹ́òkúta yìí, Aro la fi ń halẹ̀ mọ́ ọn.) Bí bàbá bá ń sọ pé Jubril ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá àwọn lóru, tí oorun ò kùn wọ́n, tí oúnjẹ ò lọ lẹ́nu wọn, ẹ tètè mú wọn wá. Ṣùgbọ́n ìtàn Jubril kì í ṣe ti bàbá nìkan. Nnamdi Kanu wà lára àwọn tó gbé e kiri jù, ẹgbàágbèje ènìyàn ló sì gbà á. Ẹni tó gba ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà, orí rẹ̀ ò dàrú.

Èmi fúnra mi fi omi iyọ̀ wẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí ẹ̀rù Ebola gba ìlú. Mo mọ̀ dájú pé iyọ̀ ò kan Ebola. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí láago mẹ́rin ìdájí, tó ń sunkún. Mo wẹ̀. Ta ló mú ọ̀rọ̀ wá máa ń wọ̀ wá lára ju ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà lọ.

Irọ́ yìí sì ní gbòǹgbò. Lọ́dún 2017, láti ọjọ́ keje oṣù Kárùn-ún títí di ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ, London ni Buhari wà, kò sì sẹ́ni tó sọ irú àìsàn tó ń ṣe é fún àwa ará ìlú. Ó padà dé, ó ti rù. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ní Kraków, ní Pólándì, ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ó ní òun gan-an ni, pé òun ò ní pẹ́ pé ẹni ọdún 76. Ó sẹ́ Jubril, ṣùgbọ́n ohun tó mú un rù ṣì wà nínú òkùnkùn. Inú òkùnkùn yẹn ni Jubril ń gbé.

Torí náà, “irọ́ ni” nìkan ò tó. Ibi tí bàbá ti jàre ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀: “Bàbá, òótọ́ ni, wọ́n fi àìsàn yẹn pa mọ́ fún wa.” Lẹ́yìn náà lẹ máa wá sọ bí àìsàn tó pẹ́ lára ṣe ń yí ojú ènìyàn padà. Ẹ má sọ ọ́ lójú àwọn tí wọ́n jọ ń ta ayò. Bí ẹnì kan bá wà láàárín wọn tí kò gba ìtàn náà, ẹ jẹ́ kó bá yín sọ ọ́. Ẹnu tiẹ̀ á tà létí wọn ju ti ọmọ lọ.

Àwọn kan á ní ẹ̀rí ń mú irú wọn le sí i ni. Lóòótọ́, ìwádìí àwọn onímọ̀ méjì, Nyhan àti Reifler, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2010 tọ́ka sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe, ohun tí wọ́n rí ni pé kò wọ́pọ̀. Ẹ̀rí yín ò burú. Bẹ́ ẹ ṣe fi ń dójú tì wọ́n ni bàbá ń bá jà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń jà fún ọ̀rọ̀ yìí. Tí wọ́n bá dákẹ́ lórí ẹ̀, ẹ má bi wọ́n pé “ṣé mo sọ?”

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ro láfún fún wọn, ẹ wá bi wọ́n: “Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, tẹ́nì kan bá ní ọkọ̀ ojú irin ti yẹ̀ kúrò lójú irin, ta lẹ máa ń bi kẹ́ ẹ tó gbà á?” Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó tán. Bí wọ́n bá tún fa Jubril wọ̀ ọ́, ẹ bu ewédú kún tiwọn.